Láti Ìkòkò Aró Dé Ojú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Àwọ̀ Nínú Gíráàfù

Bí ìgbà ìwé àṣekágbá bá tó ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, ilé fótókópì ni àṣírí gíráàfù ti máa ń tú. Títẹ ìwé ní aláwọ̀ wọ́n ju dúdú-àti-funfun lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò sì tó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ èyí tí yóò mú. Bí ìwé bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, pupa tó ki, tó dúró fún iye tó pọ̀ jù, àti búlúù tó ki, tó dúró fún iye tó kéré jù, á ti di àwọ̀ eérú kan náà.

Ó pẹ́ tí àwọ̀ ti ń bá ìṣirò rìn. Lọ́dún 1786, William Playfair, ọmọ Scotland, tẹ ìwé kan jáde ní London tó fi ìlà ya òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọ̀ sí i: àwọ̀ kan fún ìgbà tí ọjà tí wọ́n tà sókè òkun ju èyí tí wọ́n rà lọ, òmíràn fún ìgbà tí ó yí padà. Lọ́dún 1858, Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì, ya ikú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ogun Crimea: búlúù fún àrùn tí wọ́n ì bá ti dènà, pupa fún ọgbẹ́, dúdú fún ìyókù. Búlúù náà bo pupa mọ́lẹ̀.

Èyí tó kan etíkun Bẹ̀nẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ W. E. B. Du Bois, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Fún Àfihàn Àgbáyé ní Paris lọ́dún 1900, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Atlanta fi ọwọ́ ya nǹkan bí 60 àtẹ nípa ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ máàpù ipa ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú kúrò ní Áfíríkà. Nínú òmíràn, àwọn aláwọ̀ dúdú 734,952 tó ń gbé ìgbèríko Georgia lọ́dún 1890 di ìlà pupa gbọọrọ kan tó ká bí ejò. Àwọ̀ ewé, búlúù àti ìyeyè dúró fún àwọn ará ìlú. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni àwọ̀ wọ̀nyẹn ń yà sọ́tọ̀, kì í ṣe iye wọn.

Àwọ̀ tí a fi ń fi iye hàn yàtọ̀. Lọ́dún 1967, Jacques Bertin, ará Faransé, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé *Sémiologie graphique*: ojú kì í to pupa, ewé àti búlúù tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n ó máa ń to èyí tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn. Àwọn aláró ti mọ èyí tipẹ́. Aṣọ tó wọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan á jáde ní ayìnrín. Èyí tó wọ̀ ọ́ léraléra á dúdú bí ẹtù. Ẹnikẹ́ni tó bá rí méjèèjì mọ èyí tó mu aró jù.

Síbẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè ló gbòde nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní jet nínú MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ láti búlúù tó ki, ó sì parí sí pupa tó ki. Lọ́dún 2002, Cynthia Brewer ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania gbé irinṣẹ́ ColorBrewer jáde fún àwọn tó ń ya máàpù. Ó máa ń sọ fún ènìyàn pàápàá àkójọ àwọ̀ tí fótókópì ò lè bà jẹ́. Lọ́dún 2014, MATLAB fi òmíràn rọ́pò jet gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ tó máa ń lò bí ènìyàn kò bá yan ọ̀kan. Lọ́dún 2015, Stéfan van der Walt, ọmọ South Africa, àti Nathaniel Smith ṣe àkójọ àwọ̀ viridis, tó ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti elése àlùkò títí dé ìyeyè.

Àwọ̀ tó wọde náà ò dákẹ́. Ọdọọdún ni ilé iṣẹ́ Pantone ń kéde ọ̀kan: àwọ̀ iyùn ló kàn lọ́dún 2019, pupa Viva Magenta lọ́dún 2023, kíákíá ni wọ́n sì ń bọ́ sínú gíráàfù. Wọ́n wúlò fún ọ̀pá kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ rí. Bí a bá kó márùn-ún tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba jọ, bí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí ni fótókópì yóò ṣe rí wọn.

Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 679,012 ní Kútọnu, ó sì ka 656,358 ní Abomey-Calavi. Lórí máàpù òṣùmàrè tí ààlà àwọ̀ bá bọ́ sí àárín iye méjèèjì, ọ̀kan á pupa, èkejì á di ìyeyè, bíi pé ọ̀nà wọ́n jìn síra. Lórí máàpù tí àwọ̀ rẹ̀ ń ki díẹ̀díẹ̀ bí aró, agbára káká ni a ó fi mọ ìyàtọ̀ wọn, yálà ìwé náà jáde ní aláwọ̀ tàbí ní dúdú-àti-funfun.