Ta Ló Di Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn Mú?

Ní ọdún 1939, wáyà ni wọ́n fi fa rédíò wọ ilé àwọn ará Ìbàdàn. Rẹ̀difúṣàn ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù lè tàn án, ó sì lè pa á, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ìjọba ló ń yàn fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNBS sílẹ̀ ní 1959, àti lábẹ́ àwọn ológun tó tẹ̀ lé e.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú Rẹ̀difúṣàn Ìbàdàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì Brown ní Amẹ́ríkà ti fi wáyà tiwọn so ilé ibùgbé wọn pọ̀. Wáyà ni tibí, wáyà ni tọ̀hún, àmọ́ ọmọ ilé ìwé ló ni ti Brown. Láti ibẹ̀ ni àṣà rédíò akẹ́kọ̀ọ́ ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé orin ẹgbẹ́ R.E.M. jáde nígbà tí àwọn rédíò olówò kò tíì kà wọ́n sí.

Ní Nàìjíríà, òfin 38 ti ọdún 1992 ló ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìjọba. Raypower dé ní 1994. Fásitì Èkó gba àṣẹ ní 2002, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sójú afẹ́fẹ́ ní 2004 lórí 103.1. Lẹ́yìn náà ni Diamond FM ti Ìbàdàn, Great FM ti Ifẹ̀ àti ti Ìlọrin dé.

Ọdún 2004 yẹn gan-an ni orin “Jaga Jaga” ti Eedris Abdulkareem bí Ààrẹ Ọbásanjọ́ nínú, tí wọ́n sì fòfin dè é lórí rédíò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Fásitì ni wọ́n fún ní àṣẹ, wọn kò fún akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ṣẹ́ ni. Ẹni tí yóò jẹ́jọ́ bí orin kan bá bí ìjọba nínú jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ta ni yóò bá atọ́kùn ètò ọmọ ogún ọdún wí bí ó bá yan orin ìfẹ́ dípò orin tó ń bi ìjọba léèrè?

Ṣùgbọ́n orin tuntun kò pin sí ti olórin Èkó. Ọmọ Tápà tó ń kàwé ní Èrúwà, ní Lánlátẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn mọ ìjálá àwọn ọdẹ ìlú rẹ̀ àti ìlù tí wọ́n ń lù níbi òkú àgbà. Rédíò olówò kì í sábà fún wọn láyè, nítorí kò sí ẹni tó ń sanwó kí wọ́n tó gbé wọn sáfẹ́fẹ́. (Owó ẹ̀yìn tí olórin ń fún atọ́kùn ètò kì í ṣe àṣírí mọ́.) Rédíò inú ọgbà kò sí fún èrè, nítorí náà ó lè ṣe é. Láti 1963 ni fásitì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà láti kọ́ nípa ìlera ará abúlé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rédíò bá bá ọkọ̀ kan náà lọ, tó sì sún síwájú dé Tápà pẹ̀lú fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn àgbà ọdẹ tó ṣẹ́ kù ṣì wà níbẹ̀.