Kámẹ́rà Onífíìmù: Ìtàn Tó Ṣì Wà Nínú Páálí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ojú, tí Ó dá ìmọ́lẹ̀, tí Ó sì fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè láti mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Ní Àpòmù lónìí, kò sí ìsọmọlórúkọ, yìgì tàbí wólíìmọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kì í gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí láàárín wọn bá kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì kì í ṣe fóònù olówó ńlá. Kámẹ́rà àtijọ́ tí ń lo fíìmù ni. Ẹni tí kò mọ bí fíìmù ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ iyì ohun tí àwọn ayàwòrán ìlú wa fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọjà Àpòmù wà lára àwọn ọjà tó lókìkí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ń pàdé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni aáwọ̀ lórí ataare ti ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, aáwọ̀ tó wà lára ohun tó fa ogun Òwu ní àwọn ọdún tó yí 1820 ká. Kò sí fọ́tò ọjà ìgbà náà, kò sì lè sí, nítorí 1839 ni wọ́n tó kéde fún gbogbo ayé ọ̀nà tí Daguerre, ará Faransé, fi ń mú kí àwòrán dúró lórí bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi wà níbi àwọn fọ́tò tí wọ́n yà lẹ́yìn náà, tí a ń dà nù lójú ara wa.

Ìmọ̀ tí kámẹ́rà dúró lé kò bẹ̀rẹ̀ ní 1839, ó sì yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí mọ èyí. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Básírà ní nǹkan bí 965, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Káírò, kọ ìwé ńlá kan tó ń jẹ́ Kitāb al-Manāẓir láàárín nǹkan bí 1011 sí 1021. Ó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ láti ara ohun tí a ń wò ni ó ń wọ inú ojú wa, kì í ṣe pé ojú ni ó ń ta ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó lo ibi tó ṣókùnkùn tó ní ihò kékeré fún ìdánwò. Ó to fìtílà bíi mélòó kan síwájú ihò náà, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ààyè tirẹ̀ lára ògiri, wọn kò dàpọ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà, kámẹ́rà, yàrá ni ó túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Yàrá òkùnkùn tó ní ihò ni gbogbo kámẹ́rà, títí dé èyí tó wà nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà onífíìmù yóò fi ojú ara rẹ̀ rí yàrá náà. Ta ni yóò ṣí fóònù wò bẹ́ẹ̀?

Mùsùlùmí náà ni ó kọ́kọ́ ya fọ́tò ìlú mímọ́ wa méjèèjì tí a mọ̀. Muhammad Sadiq Bey, ọ̀gá ológun ará Íjíbítì, ya Mọ̀dínà ní 1861, ó sì ya Mọ́kà ní 1880. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí fọ́tò. Nítorí ìkìlọ̀ tó wà nínú hádíìsì nípa àwọn tí ń ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, àwọn kan sọ pé kò yẹ rárá, àfi bí ọ̀ràn bá di kàráǹgídá. Ní Íjíbítì, Ṣéè Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó jẹ́ Múfútì Àgbà láti 1914 sí 1920, kọ̀wé pé fọ́tò kì í ṣe dídá ohun tuntun. Òjìji tí Ọlọ́hun ti dá ni a kàn dá dúró. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé ìrìnnà kó fọ́tò wọ ọ̀pọ̀ ilé tó ti kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni fọ́tò di dandan nínú ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì tẹ̀lé e. Áfáà tó ń sá fún kámẹ́rà ní láti jókòó síwájú rẹ̀ kí ó tó lè dé Mọ́kà.

Ní Èkó, iṣẹ́ fọ́tò ti di iṣẹ́ òòjọ́ fún ọmọ ilẹ̀ wa kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. George da Costa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1895. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wọ àwọn ìlú inú lọ.

Irú kámẹ́rà wo ni wọ́n lò? Kodak gbé Brownie jáde ní 1900, páálí lásán tó ní ojú kan, dọ́là kan ni wọ́n ń tà á. Lẹ́yìn náà ni Rolleiflex ti ilẹ̀ Jámánì dé ní 1929, olójú méjì: ojú òkè ni ayàwòrán fi ń wò, ti ìsàlẹ̀ ni ó ń ya fọ́tò. Yóò so ó kọ́rùn, yóò tẹ orí ba wo inú rẹ̀, ọ̀tún yóò sì dà bí òsì lójú rẹ̀. Fọ́tò méjìlá péré ni rólù fíìmù kan ń gbà nínú rẹ̀. Méjìlá fún ìyàwó, ọkọ, ìyá, bàbá àti gbogbo ẹbí! Àwọn baba wa kì í sábà rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ agbádá, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n sì kọjú sí kámẹ́rà tààrà.

Lẹ́yìn yíyà ni iṣẹ́ gan-an kù. Nínú òkùnkùn biribiri ni ayàwòrán ti ń yọ fíìmù, tí ó ń fọ̀ ọ́ nínú oògùn, tí ó sì ń kó o sínú haípò kí ìmọ́lẹ̀ má baà bà á jẹ́ mọ́. Ohun tó jáde ni nẹ́gátíìfù: aṣọ funfun di dúdú, irun dúdú di funfun. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ fọ́tò sórí pépà, iye ìgbà tó bá wù wọ́n. Fọ́tò lè fàya, ikán lè jẹ ẹ́. Bí nẹ́gátíìfù bá ṣì wà, fọ́tò kò tíì kú.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, ṣàlàyé ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ìdílé Mùsùlùmí àti Kirisitẹni tí wọn kò fẹ́ gbẹ́ ère a máa mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọkùnrin tàbí tí wọ́n jẹ́ obìnrin, yóò ya ọmọ kan ṣoṣo náà, yóò sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí ó lè dà bí ìbejì tó jókòó ti ara wọn. Bí òkú bá jẹ́ obìnrin tí alààyè jẹ́ ọkùnrin, yóò yà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì wọ aṣọ obìnrin fún un nínú ọ̀kan. Bóyá ẹ̀sìn fọwọ́ sí i, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí nẹ́gátíìfù náà yóò kàn rí ọmọ méjì, yóò sì kọjá.

Àwọn kan tọ́jú tiwọn. Solomon Alonge, tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bìní ní 1942, tó sì ń ya Ọba Bìní, kú ní 1994. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà ní ilé ọnà Smithsonian ní Amẹ́ríkà báyìí. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ra Brownie ní 1950, tó sì ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ìjọba ní Ìbàdàn láti 1954, ya irun dídì àwọn obìnrin wa tó súnmọ́ 1,000. Ó kú ní 2014, ṣùgbọ́n ayé ṣì ń wo irun náà.

Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni a ní tí wọ́n yà fún un kí ó tó lọ sí Mọ́kà, omi òjò sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan. Nígbà tí mo fi máa wá ilé ayàwòrán náà lọ, ó ti ré kọjá, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé páálí nẹ́gátíìfù pọ̀ nínú yàrá náà. Wọ́n rò pé ràlùràlù ni, wọ́n sì dáná sun ún. Wọn kò ṣìkà, wọn kò mọ̀ ni. Kámẹ́rà nìkan ló ṣẹ́kù, èyí tó lójú méjì, wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má baà tì í. Wọ́n fún mi. Ó wà lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń ṣí, ó ṣì ń pa dé, a sì ṣì ń rí fíìmù rẹ̀ rà, nítorí Ilford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dẹ́kun àtiṣe é. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wò ó, kí ó wá. Kí ó sì kọ́kọ́ béèrè nílé wọn bóyá páálí kan ṣì wà lókè àjà.