Ìdíwọ̀n Ìdádúró Ilé-Iṣẹ́ fún Àtúnṣe

Ìdádúró fún àtúnṣe ni kí ilé-iṣẹ́ ńlá pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó ti gbó. Ọ̀rọ̀ náà kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbọ̀ngbọ̀n, nítorí Òṣogbo ni ibùdó tó ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Bí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin, tó ní ẹ̀rọ 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mẹ́gáwáàtì 220, bá pa ọ̀kan, iná tó ń dé Ìlá-Ọ̀ràngún ní Ọ̀ṣun lè dín kù.

Láti mọ̀ bóyá ìdádúró kan yọrí sí rere, wọ́n ń fi iye ọjọ́ tí wọ́n dá wé iye ọjọ́ tí wọ́n lò. Wọ́n ń wo owó, ìfarapa òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ tó yọjú lójijì. Òṣùwọ̀n tó ga jù ni bí ẹ̀rọ ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn náà kó tó tún bàjẹ́. Kíkánjú parí iṣẹ́ nìkan kò tó. Ọjọ́ tí wọ́n dá náà sì lè yẹ̀: ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n ti ilé ìfọpo Port Harcourt fún àtúnṣe ọjọ́ 30. Nígbà tí oṣù Keje fi parí, kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́.