Wíwá Ìyá Ńlá Tí Orúkọ Rẹ̀ Sọnù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan ní Adó-Èkìtì tí àrọ́bá tó kù fún wọn nípa ìyá ńlá wọn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: Ìyá Ìjan. Ìjan-Èkìtì ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Àṣà ló fà á. Bí ìyàwó bá ti bímọ nílé ọkọ, ìyá lágbájá ni wọn yóò máa pè é, tàbí kí wọ́n fi ìlú rẹ̀ pè é. Òun náà kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni yóò máa pè wọ́n.

Ìwé ìkànìyàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ìjọba amúnisìn ka ènìyàn ní ọdún 1911, 1921, 1931 àti 1952 sí 1953. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n fagi lé ti 1962 àti 1973. Ti 1963, 1991 àti 2006 ló dúró. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn ni ìwé tí ìjọba tẹ̀ jáde ń sọ, kì í sọ orúkọ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n máa ń ṣí ìwé náà fún aráyé torúkọ-torúkọ. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ti 1921.

Ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó, iṣẹ́ wọn, orúkọ baba àwọn méjèèjì àti ti àwọn ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Orúkọ ìyá kì í sábà sí! Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: akọ̀wé ìgbà náà kì í fi àmì ohùn sí i, ẹni tó ń jẹ́ Fáṣọlá nílé sì lè di Olúṣọlá lẹ́yìn ìrìbọmi.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ayé àtijọ́ kì í sábà ní ìwé, ìdána ni ẹ̀rí rẹ̀. Àmọ́ bí obìnrin bá kọ ọkọ, tí ẹjọ́ dé kóòtù ìbílẹ̀, akọ̀wé yóò kọ orúkọ rẹ̀, ti ọkọ àti iye owó ìdána tí wọn yóò dá padà. (Ẹni tí ilé rẹ̀ tòrò kò sí nínú ìwé; ẹni tó jà ló wà níbẹ̀.) Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba amúnisìn nípa Èkìtì wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Bí ìwé kò bá sọ̀rọ̀, oríkì ń bẹ. Kí àwọn ọmọ ìdílé náà bi àgbàlagbà obìnrin tó kù nílé léèrè irú oríkì tí wọ́n fi ń kí ìyá ńlá yẹn, àti èèwọ̀ tó bá a wọlé ọkọ. Bí wọ́n bá wá dé Ìjan, kí wọ́n má béèrè ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Ìjan, nítorí ọmọ Ìjan ni gbogbo wọn níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè agbo ilé tó ni oríkì àti èèwọ̀ náà, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ibẹ̀ pé ta ni ọmọ wọn tó lọ́kọ ní Adó.