Eugene Fama àti Àkọsílẹ̀ Ọjà Ṣíà

Bí wọ́n bá dárúkọ Eugene Fama, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣúná ní Fásitì Chicago, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni àbá tó ṣàlàyé ní 1970, pé iye tí wọ́n ń ta ṣíà ti kó gbogbo ìròyìn tó wà nílẹ̀ sínú. Lójú tèmi, ogún rẹ̀ tó tóbi jù ni àṣà pé kí onímọ̀ má gba ọgbọ́n orí ara rẹ̀ gbọ́ títí yóò fi dán an wò lórí àkọsílẹ̀ tí kò tíì fojú kàn. Ó ti kọ́ àṣà yìí kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Èdè Faransé ló lọ kà ní Tufts, ní Massachusetts, kó tó lọ bá Harry Ernst ṣiṣẹ́, olùkọ́ kan tó ń ta àsọtẹ́lẹ̀ nípa ọjà ṣíà. Iṣẹ́ Fama ni láti wá ọ̀nà tí a ó fi mọ ìgbà ríra àti ìgbà títà. Ó rí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó bá ọjà àtẹ̀yìnwá mu dáadáa. Ṣùgbọ́n Ernst ti ní kó ya apá kan àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀, bí wọ́n bá sì ti gbé ọgbọ́n náà débẹ̀, kì í jẹ́ mọ́.

Ọdún 1960 tí Fama dé Chicago náà ni James Lorie, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní fásitì náà, dá ilé ìkójọ iye ṣíà sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú owó Merrill Lynch. Òun àti Lawrence Fisher ṣa iye ṣíà ọjà New York jọ láti 1926. Fama fúnra rẹ̀ yẹ iye ojoojúmọ́ ṣíà ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ńlá wò fún oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1965: ìrìn àná kò sọ ti ọ̀la tó èyí tí ènìyàn lè fi jèrè.

Àwọn kan yóò ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà 1987 ti já àbá Fama nírọ́, nígbà tí ọjà New York fi ohun tó ju ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣáájú ìyẹn, ní 1981, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Robert Shiller ti fi hàn pé iye ṣíà ń lọ sókè sódò ju bí èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín ṣe yẹ kó mú un lọ. Àtakò yìí wúwo. Èsì Fama ni pé ẹni tó bá dán ọjà wò ń dán òye tirẹ̀ nípa èrè àti ewu wò pọ̀ mọ́ ọn, kò sì sí bí a ṣe lè ya méjèèjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, nítorí ó ń ṣílẹ̀kùn àsálà fún àbá náà. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ ni Shiller pẹ̀lú fi bá a jà, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Lars Peter Hansen ni wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013. Nínú kíkọ́ni ni ẹ̀rí mi pé àṣà yìí ni ogún Fama tó tóbi jù ti lágbára jù. Cliff Asness, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, fẹ́ kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó fi hàn pé ṣíà tó ń gbówó lórí lẹ́nu àìpẹ́ yìí sábà máa ń gbówó lórí sí i, ọ̀rọ̀ tó ta ko àbá olùkọ́ rẹ̀ gbangba. Fama ní bó bá ti wà nínú àkọsílẹ̀, kó kọ ọ́. Ní 1996, òun àti Kenneth French, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, kọ ọ́ síta pé ìlànà tí àwọn méjèèjì gbé kalẹ̀ kò lè ṣàlàyé rẹ̀.