Òdòdó Bluebonnet àti Òfin Texas

Láàárín àwọn òdòdó igbó Amẹ́ríkà tí ń tò sí ara ọ̀pá wọn bí ṣírí ọkà bàbà, ti Texas tí à ń pè ní bluebonnet ní ìtàn tirẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni fìlà aláwọ̀ aró, nítorí ó jọ fìlà tí àwọn obìnrin fi ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn. Àwọn elédè Spanish rí orí rẹ̀ funfun, wọ́n pè é ní ehoro. Lupinus ni ti àwọn onímọ̀ ewéko, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ìkookò; a sábà máa ń sọ pé àwọn ará àtijọ́ gbà pé ó ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀ run. Ẹ̀sùn èké gbáà! Gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń bá ilẹ̀ wá oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́.

Ní ọdún 1901, nígbà tí àwọn aṣòfin Texas ń yan òdòdó ìpínlẹ̀ wọn, àwọn kan dárúkọ òwú; John Nance Garner jà fún ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ni ó borí pẹ̀lú bluebonnet. Ṣùgbọ́n Lupinus subcarnosus, tí ṣírí rẹ̀ kò kún, ni a kọ sínú òfin. Lupinus texensis, tí ó kún tí ó sì lẹ́wà jù, ni ọ̀pọ̀ aráàlú fẹ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì, àríyànjiyàn sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni òfin tó gba texensis wọlé, pẹ̀lú irú bluebonnet mìíràn yòówù tí ó bá wà ní Texas.