Ìtàn Ilé Àyágbé ní Ìlú Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wọ Èkó wá iṣẹ́, ilé ta ni yóò bọ̀ sí? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òní. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ bí àwọn ará ìṣáájú ti dáhùn rẹ̀.

Ní àtijọ́, a kò mọ owó ilé ní Èkó bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọwọ́ àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, ni ilẹ̀ wà. Àlejò tí ó bá fẹ́ ibùgbé yóò tọ olórí ìdílé lọ, yóò tẹríba, yóò sì mú ẹ̀bùn dání. A ó sì fi ibi tí yóò kọ́lé sí hàn án. Kò ra ilẹ̀ náà. Ó di ẹni abẹ́ ìdílé náà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti mọ onílẹ̀ ní onílẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, nǹkan yí padà. Ìwé àṣẹ ilẹ̀ dé, tí ẹnìkan fi lè pe ilẹ̀ ní tirẹ̀, kí ó tà á, tàbí kí ó fi í dógò. Àwọn Sàró ń kọ́lé ní Olówógbowó. Àwọn Àgùdà, tí wọ́n mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Pópó Àgùdà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú. Ní ọdún 1931, àwọn ará Èkó tó nǹkan bí 126,000. Ní 1950, wọ́n ti lé ní 230,000. Bí èrò ti ń pọ̀ ni yàrá ń di ọjà. Àwọn onílé kọ́ ilé ọlọ́ọ̀dẹ̀ gígùn, yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé kan nínú yàrá kan, gbogbo wọn sì ń lo ilé ìdáná kan.

Ìhámọ́ yìí mú ewu wá. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni Ìjọba ṣe dá Ìgbìmọ̀ Àtúntò Èkó sílẹ̀ ní 1928, tí ó la Yábàá fún ibùgbé. Ní 1955, ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín ìlú, lórí ilẹ̀ bí éékà 70, ó sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì ní afẹ́fẹ́; ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọjà àti sí ẹbí. Ìyá tí ń tajà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pàdánù oníbàárà. Iye tí ilẹ̀ àtijọ́ náà dà ju agbára ọ̀pọ̀ wọn lọ, wọn kò sì lè padà.

Láàárín 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú ní Abẹ́sàn, Ìsọlọ̀, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin àti ibòmíràn. Yàrá méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ti ara ẹni: ohun ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó ti ń tò sẹ́yìn àwọn ará ilé kó tó wẹ̀. Síbẹ̀ èrò ju ilé lọ. Onílé sì ń béèrè owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ọdún 2011 kọ̀ kí a gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó pàṣẹ pé kí onílé fúnni ní ìwé ẹ̀rí owó, ó sì fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí ó tó kó jáde. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan Ìkòyí, Àpápá, Victoria Island àti ibùgbé Ìjọba ní Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí: ẹ̀bùn àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni àlejò àtijọ́ fi gba ibùgbé, gbogbo ìdílé sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ayálégbé ìsinsìnyí kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ìwé. Nítorí náà, kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á kí ó tó fi ọwọ́ sí i, kí ó sì kà á fún aládùúgbò rẹ̀ tí kò mọ̀wé.